Fọ́tò Dúdúyẹmí

"Ta ló tún lè ní fọ́tò bàbá yín?"

Ìyá wọn, Kùdírátù, ló béèrè. Hamidah gbójú sílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ológbò tó wà lórí itan rẹ̀ lára. Abdussalam, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń nu ojú fóònù bí ẹni pé ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Bàbá wọn kì í fẹ́ ya fọ́tò. Mẹ́ta péré tí wọ́n jàjà rí yà, inú fóònù Abdussalam ni wọ́n wà, jágùdà sì yọ fóònù náà lápò rẹ̀ nínú mọ́tò Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n sin Bàbá. Láti ọdún méjì, wọ́n ti wá ojú ọkùnrin náà ká Fìdítì, wọ́n wá a dé Akínmọ́rìn. Òfo.

Ohun alààyè kan ṣoṣo tí Bàbá fi sílẹ̀ ni Dúdúyẹmí, ológbò tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó di ọjọ́ kẹrin tí kò jẹun. Dókítà ẹran tó wá láti Ìlọrà ní kò ní rí Jímọ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìyí.

"Kí ojú tiẹ̀ náà má lọ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá wí fún Abdussalam. "Yà á fún mi. Kó kọjú síwájú, kí etí rẹ̀ méjèèjì hàn."

Hamidah ní, "Ìyá, ṣé ológbò fẹ́ gba káàdì ìdìbò ni?"

"Fọ́tò tí etí kan bá sá nínú rẹ̀, fọ́tò olè ni. Gbé e sókè jàre."

Kò sí iná. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, Dúdúyẹmí dà bí ihò tí wọ́n gbẹ́ sórí itan Hamidah. Abdussalam tan iná fóònù. Ojú ológbò náà pọ́n ràn bí ẹ̀yinná.

"Áwúsùbílàhì! Àlùjànnú lo yà fún mi! Ẹni tó fi ọdún márùn-ún jókòó ní yunifásítì!"

Abdussalam ro ó bí ẹni tó ń ta ayò. Ìmọ́lẹ̀ ń gba fèrèsé ọ̀tún wọlé. Òsì ni òkùnkùn ti ń jẹ ẹran náà. Ohun funfun kan gbọ́dọ̀ wà lósì, tí yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà. Lára ògiri, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àsàlátù rọ̀ lórí ìṣó kan ṣoṣo, ọdún lé ọdún, tuntun bo àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń já wọn. Ó fa ti ìsàlẹ̀ pátápátá yọ, torí bébà rẹ̀ ló nípọn jù. Ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó sì gbé e fún Ìyá.

"Ẹ gbé e mọ́ àyà báyìí. Kí ẹ̀yìn funfun yẹn kọjú sí i."

Ìyá gbá a mọ́ra. Lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ dé. Irùngbọ̀n ológbò náà hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò dúró. Bí Hamidah bá gbé e lágbọ̀n, etí kan á ṣẹ́.

Abdussalam bá súfèé, kúkurú lẹ́ẹ̀mejì, bí Bàbá ṣe máa ń súfèé tó bá ti oko dé.

Etí méjèèjì nà ṣánṣán. Dúdúyẹmí yíjú, kò wo fóònù, ẹnu ọ̀nà ló wò. Abdussalam tẹ fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.

"Bọ̀dá," ni Hamidah wí jẹ́jẹ́, "kò mí mọ́."

Ó yẹ fọ́tò náà wò. Èéfín dúdú lásán. Ó yẹ mẹ́tàlélógójì tó ti yà láti àárọ̀ wò, kò sí èyí tó ṣe é gbé kọ́ ògiri. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí ojú ẹni bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè wo ìyá rẹ̀.

"Ìnnà lílláhì," ni Ìyá wí. Wọ́n tẹ́ òkú ẹran náà sórí ẹní. Ìyá kò rí aṣọ nítòsí. Ó mú kàlẹ́ńdà náà kúrò láyà rẹ̀, ó fi bò ó, ẹ̀yìn funfun sísàlẹ̀.

Hamidah bẹ̀rẹ̀ láti tún etí bébà náà ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ní ìlà kejì fọ́tò ẹgbẹ́ tó wà lójú kàlẹ́ńdà náà, láàárín àwọn ọkùnrin tó dé fìlà funfun, Bàbá wọn kọjú síwájú, etí rẹ̀ méjèèjì hàn.