Ẹni Tí Yóò Wẹ Asiata

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣọ́ra. Bí ohun kan bá wà tó o ti ń sún síwájú, má rò pé ó ti gbàgbé rẹ. Ó lè ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ báyìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ dẹ́rù bà ọ́ o. Ṣáà ṣọ́ra.

"Dúró níbẹ̀," ni Àlàájà Bùsírátù wí. "Má tíì wọlé."

Sàfúrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí òkú ìyá rẹ̀ wà, nínú agbo ilé wọn ní Kẹ́mta. Ọdún kejì tí àwọn sójà tún gbàjọba ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Asiata, ìyá rẹ̀, dákẹ́. Wọ́n fẹ́ sin ín kí ìrun àlàásárì tó tó, Àlàájà tó máa ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò sì ti dé pẹ̀lú ọṣẹ àti kànrìnkàn. Ìdí ìkòkò aró ni wọ́n ti lọ pe Sàfúrátù wá. Ó ti ní kóun kọ́kọ́ yọ aṣọ oníbàárà kan nínú aró láàárọ̀ náà, kóun tó wá jókòó ti ìyá òun. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ìyá ẹ ránṣẹ́ pè mí ní Jímọ̀," ni Àlàájà wí. "Ó ní ìwọ lòun fẹ́ kó wẹ òun. Ó tún ní bí o ò bá tíì máa kírun, kí n má jẹ̀ẹ́ kó o fọwọ́ kan òun. Ṣé o ti ń kírun?"

Sàfúrátù wolẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ wo ọwọ́ mi, Àlàájà. Ọwọ́ aró. Àlùwàlá ò lè dúró lórí ẹ̀. Mo ti ń wí pé tí mo bá fi iṣẹ́ aró sílẹ̀..."

"Ta ló sọ fún ẹ pé aró ń ba àlùwàlá jẹ́?"

"Mo... mo rò ó bẹ́ẹ̀ ni."

"O rò ó! Ìyá ẹ ńkọ́, ṣé ìrẹsì Ọ̀fàdà ló ń tà tó fi tọ́ ẹ? Iṣẹ́ aró yìí náà ló ṣe títí ojú ẹ̀ fi di bàìbàì, kò pa ìrun kan jẹ. Àwọ̀ lásán ni aró. O ò bi ààfáà kankan?"

Kò bi ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀rù ló ń bà á pé wọ́n á ní kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ dúdú, á wá di dandan kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó ní bóun bá lọ́kọ. Ó lọ́kọ, ó ní bí ọmọ bá já lẹ́nu ọmú. Ọmọ já, aró ló kù tó dì mú.

Sàlàhúdíìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú. "Kí lẹ ń dúró dè? Wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ tán o. Ẹ wẹ̀ wọ́n ká lọ, Àlàájà. Kí ni Sàfúrátù mọ̀ níbẹ̀?"

Sàfúrátù lè yà fún wọn. Ọkàn rẹ̀ ní kó yà. Kò sẹ́ni tó máa bú u. Wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ló mú un.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àkókò ìrun ọ̀sán ti kọjá?"

"Kò tíì kọjá. Àmọ́ bó bá jẹ́ torí òkú nìkan lo ṣe fẹ́ kí i, lọ jókòó."

"Mi ò lè búra, ma. Mo mọ ara mi. Àmọ́ mo fẹ́ kí tọ̀sán yìí, kí n tún kí àlàásárì."

Àlàájà gbé kẹ́tùlù fún un. "Bu omi."

Ó bu omi. Ó gbàgbé èyí tó kàn lẹ́yìn ojú; Àlàájà ń sọ ọ́ fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ó kírun, ó ṣì í, ó tún un kí. Sàlàhúdíìnì ń pòṣé níta.

Nígbà tí òun àti Àlàájà ń wẹ òkú, tí wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, Sàfúrátù rí ohun kan lára ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ tí kò rí rí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Látìgbà tí àìsàn ti dé ló ti ń wí pé bí iṣẹ́ bá dínkù, òun ni yóò máa wẹ̀ ẹ́. Ìyá náà sì ń fi àkísà nu ara rẹ̀ lórí ẹní.

"Da omi," ni Àlàájà wí jẹ́jẹ́. "Ohun tá a bá rí lára òkú, a kì í gbé e jáde."

Ó da omi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mọ́níkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, wá kí i. Ó kí i tán, ó fà mọ́ ọn.

"Wọ́n ní ìwọ lo wẹ̀ wọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni pé ara wọn ti bàjẹ́ kí wọ́n tó kú? Kí lo rí?"

"A wẹ̀ wọ́n."

"Sọ fún mi jàre. Kò ní kọjá ẹnu mi."

"Ẹnu ẹ, Mọ́níkẹ́? Ẹnu tó gbé oyún mi dé Kọ́bapẹ́ kí n tó sọ fún ọkọ mi?"

Mọ́níkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bojú wẹ̀yìn. "Ìyẹn ti pẹ́. Bí ọ̀fọ̀ bá fúyẹ́ ńkọ́, ṣé wàá sọ ọ́ nígbà yẹn?"

"Rárá," ni Sàfúrátù wí.

Mọ́níkẹ́ tún bi í. Sàfúrátù dìde, ó lọ bu omi àlùwàlá.