Ẹ Má Bá Tíṣà Fẹ́ Táyà

Bàbá mi kì í ṣe olórí kunkun. Bí ẹ bá bi í, ohun tó máa sọ fún yín nìyẹn. Èmi tí mò ń bá a gbé ní Ìtirẹ́ láti ìgbà tí màmá mi ti kú, mo ní ohun tèmi láti sọ, ṣùgbọ́n ọmọ kì í tú àṣírí bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ póńpù nìkan ni n ó sọ.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló fi ayé rẹ̀ kọ́ ní Mùṣin, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Tíṣà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra rédíò, àwọn kan tiẹ̀ ń fẹ́ ìyàwó kékeré. Tèmi ra kẹ̀kẹ́ ológeere. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ojú títì tó kún, ó máa gùn ún lọ sí Yábà lọ kí Joshua, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n lè jọ máa jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé nígbà tí mo rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀. Bàbá mi jókòó síwájú, fìlà rẹ̀ wà lórí rẹ̀ dáadáa, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ sẹ́yìn láàárín àwọn àpò sìmẹ́ǹtì. Mo rò pé mọ́tò ló gbá a. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, tó ní, "Bàlíkísù, o kú iṣẹ́ o," bí ẹni tó ti ibi ìsọmọlórúkọ bọ̀, ẹ̀rù tó bà mí di ìbínú lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ ò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́," mo wí.

"Táyà ló jò ní Ojúẹlẹ́gbà, èmi kọ́ ni mo jò. Kò sí fọkanáísà tó tíì ṣí ni."

"Bàbá, mo ti sọ̀rọ̀. Tí Aminullah bá dé, á gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Àbúrò mi ni Aminullah, ó ń gbé nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wo kẹ̀kẹ́ náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Bàbá mi kò jiyàn. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, torí bàbá mi máa ń bá rédíò pàápàá jiyàn. Ó wọlé, ó jókòó, kò sì jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí.

"Jíjò táyà yẹn kò pọ̀," ó ní. "Ẹni tó bá ní póńpù kékeré nínú àpò, á fẹ́ ẹ, á sì gùn ún délé. Tí mo bá lè fẹ́ ẹ fúnra mi ńkọ́?"

Bí a ṣe ṣe àdéhùn nìyẹn. Tó bá lè fẹ́ táyà tó ti lọlẹ̀ pátápátá títí tó fi máa le, tó sì jẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló fi ṣe é, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ fún un mọ́. Tí kò bá lè ṣe é, kẹ̀kẹ́ á lọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ìgbà tí ìjọba méjì bá parí ìjà. Ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà, mo gbà torí mo mọ̀ pé kò lè ṣe é.

A ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Mùṣin, sí ṣọ́ọ̀bù Ṣàfíù tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Ṣàfíù kó póńpù mẹ́ta jáde. Ọ̀kan ń lo bátìrì, ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ọ̀kan kò ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ lọ, ọwọ́ lèèyàn sì máa fi tì í lọ tì í bọ̀.

"Dádì, ẹ gba oníbátìrì yìí," Ṣàfíù ní. "Bọ́tìnì lásán lẹ máa tẹ̀. Nó wàhálà."

"Tí bátìrì ẹ̀ bá tán ńkọ́?"

"Ẹ máa ṣáàjì ẹ̀ ni, sà."

"Pẹ̀lú iná wo?"

Ṣàfíù wò mí. Èmi náà wo òkè.

Bàbá mi mú ẹlẹ́sẹ̀, ó tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ láti wò ó. Ṣòkòtò náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ níwájú gbogbo ọjà, mo sì yára dì í mú.

"Èyí wúwo," ó ní, bí ẹni pé a kò rí i.

Ó wá mú ti ọwọ́. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ má bi mí ìdí tó fi ń gbóòórùn rẹ̀. Ṣàfíù jẹ́ kí gbogbo atẹ́gùn inú táyà ẹ̀yìn jáde, bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu póńpù mọ́ ẹnu táyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò tíì tì í dáadáa tí ọwọ́ Ṣàfíù fi dé orí póńpù.

"Áà, Dádì, ẹ gbé e wá jàre."

"Fi wọ́n sílẹ̀," mo wí.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Àǹtí, ṣé bàbá yín nìyí ni?"

Kí n tó ṣàlàyé, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró gìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Awakọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Tíṣà wa! Habeeb ni, sà! Habeeb tí ẹ máa ń nà!" Ó gba póńpù, ó fẹ́ táyà náà títí ó fi ń dún koko, gbogbo èrò inú Màrúwá rẹ̀ sì ń pariwo pé àwọn ti pẹ́. Ìyá kan tó ń ta ata ní òdìkejì pòṣé sí mi. Ó ní ẹ wo ọmọ ayé òde òní, bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun nàró bí òpó iná. Ojú tì mí bí ẹni tó jí ata rẹ̀.

Nígbà tí Habeeb lọ tán, bàbá mi ní, "Ìyẹn ò kà. Habeeb ló fẹ́ ẹ." A ra póńpù ọwọ́ náà.

A gbìyànjú ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Tejúoṣó. Lateefat tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi fi oníbàárà sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ó sáré wá gba póńpù. A gbìyànjú ẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa lẹ́yìn ìrun Alásárì, nǹkan sì bàjẹ́ pátápátá. Odindi ìlà àwọn tó kírun jáde wá. Wọ́n fẹ́ tẹ̀yìn, wọ́n tún fẹ́ tiwájú tí kò jò, wọ́n gbàdúrà fún bàbá mi, wọ́n sì wò mí láìdáa. Ní Èkó níbí, èèyàn lè já ìjókòó bọ́ọ̀sì gbà mọ́ ẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dúró kí àgbàlagbà máa bẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́ níṣojú òun.

"Jẹ́ ká lọ sílé," bàbá mi ní. "Kí o sì ti géètì."

Mo tì í. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, oòrùn ṣì wà díẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó jẹ́ kí atẹ́gùn inú táyà tán, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó máa rọra ṣe é.

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ó fèsì, kò sì gbójú sókè.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wíwò lè le ju ṣíṣe lọ. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń sáré. Apá tó fi ń gbé mi kọjá gọ́tà nígbà tí mo wà ní kékeré ti tín-ín-rín. Mo jókòó lórí àpótí, mo fi itan mi méjèèjì tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, torí ọwọ́ náà kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́ràn bàbá mi. Ó sì ń dùn mí gan-an pé mo jókòó síbẹ̀ tí mò ń wò ó.

"Ẹ sinmi díẹ̀, Bàbá."

"Kí lo rò pé mò ń ṣe yìí?"

Nígbà tó ṣe, ó nà ró, ó fọwọ́ di ìbàdí mú. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ó parí. Wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́."

Mo fi àtàǹpàkò tẹ táyà náà. Ó wọlé.

"Ó ti le, sà, ẹ kú iṣẹ́" ti wà ní ẹnu mi. Ohun tí gbogbo Mùṣin ì bá sọ nìyẹn. Bí a ṣe ń ṣe àwọn àgbà wa nìyẹn. A ó ní ó dáa, a ó kí wọn, nígbà tí wọ́n bá wọlé tán, a ó tún un ṣe lẹ́yìn wọn. Mo rántí àwọn àpò sìmẹ́ǹtì. Mo rántí pé orí táyà yìí ló máa jókòó lé ní Ojúẹlẹ́gbà, èmi ò sì ní sí níbẹ̀.

"Kò tíì le, Bàbá."

Ó gbé póńpù sílẹ̀, ó wò mí. Omi ti ń gba ojú mi. Mo rò pé mo ti ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Àfi bó ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú," ó ní, "kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ohun tí mo ṣe kò dáa tó." Ó gbé póńpù. "Sún sẹ́yìn, o ń dí mi lọ́wọ́."

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é, ó sinmi, ó ṣe é, ó bú ẹni tó ṣe póńpù, ó tún ṣe é. Nígbà tó pè mí lẹ́ẹ̀kejì, mo tẹ táyà náà títí àtàǹpàkò fi dùn mí. Kò wọlé.

"Ó ti le," mo wí.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

Kò fọwọ́ kàn án wò. Ó gbà mí gbọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dé fìlà, ó ki póńpù bọ àpò, ó sì ní kí n ṣí géètì, òun fẹ́ gùn ún yí àdúgbò ká kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ṣí i.