Bí Mardiyah Ṣe Di Dókítà Ọpọlọ ní Ẹ̀pẹ́

Iṣẹ́ Mardiyah ni kó máa wádìí bí èèyàn ṣe ń ṣe ìpinnu, kó sì máa kọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bí wọ́n ṣe lè sọ̀rọ̀ tó máa yé ará ìlú. Ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò tíì yé ni Àǹtí Mùsílímátù, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Lójú àǹtí yìí, dókítà tó ń wo wèrè ni Mardiyah, kò sì sí aládùúgbò tí kò tíì gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Mardiyah kúrò ní Ìtamágà n'Íkòròdú níbi tó háyà ilé sí, ó lọ kí àǹtí. Kò tíì mu omi tán tí bàbá àgbàlagbà kan fi wọlé, tó jókòó, tó gbé fìlà lé orúnkún bí ẹni tó wá sí ọsibítù.

"Bàbá Bùsàrí nìyí," ni àǹtí wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n wá rí ẹ. Ọmọ wọn fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun n'Íkòròdú. Lónìí, wọ́n á ní àwọn ń lọ. Lọ́la, wọ́n á ní àwọn ò lọ mọ́."

"Bàbá, ẹ má bínú, èmi kì í ṣe dókítà," ni Mardiyah wí. Ó wá fi ohùn tó fi ń kọ́ni ṣàlàyé pé ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn máa ń ká a lára ju ohun tó lè rí gbà lọ. Ó tilẹ̀ fi ife omi àti abọ́ ẹ̀pà ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tó parí, inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀.

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?" ni bàbá bi í.

"Kò ní oògùn, sà."

Bàbá tún bi í pé, "Ìwọ alára, báwo lo ṣe pinnu pé iṣẹ́ yìí lo máa ṣe?"

Irọ́ dáadáa kan wà tí Mardiyah máa ń pa lórí rédíò bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ojú bàbá kò jẹ́ kó lè pa á. "Ìṣègùn ni mo fẹ́ kà, sà. Máàkì mi ò tó. Èyí ni wọ́n fún mi, mo bá gbà á."

Àǹtí yíjú síta kó má baà rẹ́rìn-ín. Bàbá ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mardiyah náà bá a rẹ́rìn-ín, nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe.

"Ara ti tù mí," ni bàbá wí. "Mo rò pé èmi nìkan ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pinnu. Jẹ́ kí n lọ lo oṣù kan lọ́dọ̀ ọmọ náà, kí n wò ó."

Ó ní kí àǹtí bá òun fún dókítà ní ẹja gbígbẹ. Mardiyah kò jiyàn mọ́. Ó gbé ẹja náà lé itan nínú ọkọ̀, ó sì ń ro ohun tó máa kọ nípa bàbá yìí sínú ìwádìí rẹ̀. Títí ọkọ̀ fi dé ibùdókọ̀ Benson n'Íkòròdú, kò rí gbólóhùn kan.