Ọjọ́ Ìsinmi Lórí Ọ̀dàn

Ìtùnú bọ́ bàtà funfun tí ó fi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà. Ó yọ káàdì ọsibítù kúrò lọ́rùn, ó sọ ọ́ sórí àga, ó ti ilẹ̀kùn pa gbà-à bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ kọjá wáyà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ há sí i. Ó fà á yọ, ó ya díẹ̀, kò bìkítà. Afẹ́fẹ́ oṣù Kọkànlá gbá a lójú. Ọ̀dàn náà tẹ́ lọ níwájú rẹ̀, òkè kékeré lẹ́yìn òkè kékeré, koríko orí wọn ti gbẹ, ó ti pọ́n, títí dé ibi tí ilẹ̀ ti rọra sọ̀kalẹ̀ lọ bá irà etí odò Patuxent.

Ohun tí ó sọ fún Kọ́lá ọkọ rẹ̀ ni pé ẹnu iṣẹ́ ni òun wà.

Àdúrà ni Ìtùnú ń sá fún. Láti ìgbà tí òun àti Kọ́lá ti ṣègbéyàwó, wọn kò tíì bímọ, gbogbo ìjọ wọn ní Glenarden, nílùú òyìnbó níbí, ló sì mọ̀. Bí ìsìn bá ti ń parí lọ, Màmá Ìjọ, ìyàwó pásítọ̀, á ní kí ó jáde síwájú. Ọwọ́ á dé èjìká rẹ̀, ọwọ́ á dé orí rẹ̀, ọwọ́ á dé ikùn rẹ̀. Àwọn tó ni ọwọ́ wọ̀nyí fẹ́ràn rẹ̀, èyí gan-an ni kò jẹ́ kí ó lè bínú sí wọn. Ní ọjọ́ kan, Màmá Ìjọ ní kí Stephanie, ẹni tí oyún rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí, fi ikùn rẹ̀ kan ikùn Ìtùnú, kí ìbùkún lè ràn án. Gbogbo ilé pariwo "Àmín!" Stephanie tẹnu bọ̀ ọ́ létí, ó ní, "Ìtùnú, jọ̀ọ́, má bínú." Omi wà lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ìtùnú sọ fún Kọ́lá pé wọ́n ti fi òun sí iṣẹ́ ọjọ́ Ìsinmi.

Kò mọ ibi tí ó ń lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ó kàn ń wa ọkọ̀ ni. Ó kọjá láàárín Upper Marlboro, ó rí ilé ẹjọ́ àti àwọn ìsọ̀ tó ti ilẹ̀kùn, ìlú kékeré tí àwọn àgbẹ̀ máa ń kó tábà wá tà nígbà kan. Ọ̀nà gbé e jáde sẹ́yìn ìlú, ilé tán, ọ̀dàn bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Láti ìgbà náà, kò tún wá ibòmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ pàápàá kò fún un ní ìsinmi. Bí ó bá gun òkè kan, ara òkè tó kàn ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Kò jókòó rí. Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀ lé e: ohun tí ó gbé kúrò nílé náà ni ó ń gbé kiri inú koríko. Ti òní wá burú jù. Láàárọ̀, nígbà tí Kọ́lá ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Kí iṣẹ́ má pa ọ́ lára o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tí ó fi wò ó ni Ìtùnú ń gbé lọ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára sí i, títí tí ó fi kọjá ibi tí ó ti máa ń yí padà.

Ó sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì kan tí kò dé rí. Ahéré ńlá kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń sá tábà láyé ọjọ́un, pákó rẹ̀ ti dúdú, apá kan òrùlé rẹ̀ ti wó. Ó ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tí ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn ahéré náà.

"Yéè! Ẹ dákun, ẹni tó bá ń kọjá!"

Yorùbá ni. Ìtùnú ṣe bí ẹni tí iná jó. Kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn igbó ṣúúrú kan. Ta ló mọ̀ mí níbí? Bóyá ará ìjọ ni. Bóyá wọ́n rí ọkọ̀ mi lẹ́bàá ọ̀nà. Bí òun bá rọra yí padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun débẹ̀.

Ohùn náà tún dún, ṣùgbọ́n kò lágbára mọ́. "Ìyá mi o."

Ojú ti Ìtùnú. Ó dìde, ó sáré.

Bàbá arúgbó kan ló sùn sínú kòtò ẹ̀yìn ahéré náà, ó dé fìlà òtútù lé fìlà funfun, ẹ̀wù òtútù obìnrin ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí.

"Ẹ kú ewu, Bàbá. Ẹ má mira."

Bàbá náà la ojú. "Ọmọ Yorùbá! Àbí mo ti kú ni?"

"Ẹ ò tíì kú, Bàbá. Nọ́ọ̀sì ni mí."

"Nọ́ọ̀sì, nínú igbó?" Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ihò ẹranko kan ló gbé ẹsẹ̀ mi mì. Mo ti ń pariwo láti àárọ̀ kùtù."

Ìtùnú fọwọ́ kan án lọ́rùn, ẹ̀rù bà á. Ara bàbá náà tutù bí omi yìnyín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń falẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kò ní pa á, ṣùgbọ́n òtútù lè pa á. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù tirẹ̀, ó fi bò ó. Ó fa pákó méjì yọ lára ahéré, ó fi wọ́n há ẹsẹ̀ náà, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi dì í. Bàbá ké, ó sì tọrọ gáfárà pé òun ké. Ìtùnú yọ fóònù. Kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan.

"Bàbá, mo fẹ́ sáré gun òkè yẹn, kí n lè pe àwọn tó máa gbé yín."

Bàbá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé wàá padà?"

"Mo máa padà."

"Èmi náà sọ fún ọmọ mi lánàá pé inú ilé ni mo máa wà."

Ó sáré. Koríko gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, kò gbọn ara. Lórí òkè, fóònù rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì tẹ 911, nọ́ńbà pàjáwìrì. Obìnrin tó gbé e bi í ní ibi tí ó wà, ó ṣàlàyé ọ̀nà ẹ̀yìn Upper Marlboro, wáyà, ọkọ̀ pupa òun lẹ́bàá ọ̀nà, ahéré. Obìnrin náà bi í ní orúkọ, ó sọ ọ́. Ó wá bi í pé kí ni ó ń ṣe níbẹ̀.

Ìtùnú wo ọ̀nà tí ó gbà wá. "Mo ń rìn kiri ni," ó ní. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí ó padà, ojú bàbá ti ń pa dé. Ìtùnú wọ inú kòtò, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má sùn. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Kí lorúkọ yín?"

"Fàtáì. Ará Ìsẹ́yìn." Ó mí kanlẹ̀. "Tábà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Mùlíkàt, èyí tó wà níbí, ló ń fi ọkọ̀ gbé mi kọjá lọ́jọ́ kan, mo rí ahéré yìí láti inú mọ́tò. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kó dúró. Ó ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni, Bàbá."

"Lẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn wá?"

"Ilé rẹ̀ kò jìnnà, àwọn ilé tuntun ẹ̀yìn òkè yẹn ni. Ilé náà dára o. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn mi lọ. Ṣùgbọ́n ‘Bàbá, ẹ jókòó. Bàbá, ẹ sinmi.’ Ṣé ìsinmi ni wọ́n fẹ́ fi pa mí ni? Tó bá ti lọ síbi iṣẹ́, màá jáde. Kó tó dé, màá ti fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, màá ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ọmọ rere."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìtùnú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ìrora sì gé ẹ̀rín rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? Ọmọ mélòó ni Ọlọ́run ti fún ọ?"

"Kò tíì sí, Bàbá."

Ìtùnú mọ bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ojú á rọ̀, ohùn á rẹlẹ̀, àdúrà á tẹ̀ lé e. Ó ń dúró dè é. Bàbá Fàtáì wo òrùlé ahéré tó ti wó.

"Bá mi fa aṣọ yìí sókè sí i," ó ní. "Atẹ́gùn ń gba ọrùn mi wọlé."

Ìtùnú fà á sókè. Bàbá kò sọ nǹkan mìíràn nípa ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹyẹ kan ń ké lọ́nà irà. Omijé ń bọ̀ lójú Ìtùnú, kò sì mọ ohun tó fà á, àfi pé ó ṣàkíyèsí pé òun ti jókòó, ìdí òun kan ilẹ̀, òun kò sì wá òkè kankan.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ bàbá tún la ojú. "Ta ló mọ̀ pé o wà níbí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó rò pé mo wà lọ́sibítù."

Bàbá náà ronú sí i. "Tó bá jẹ́ pé ìwọ ni ihò yẹn gbé mì ńkọ́, ọmọ mi?"

Ìtùnú ń ra ọwọ́ bàbá náà, ó ń rà á, títí tí ó fi gbọ́ ohùn àwọn òṣìṣẹ́ ańbúláǹsì lórí òkè.

Wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé bàbá, wọ́n gbé e sórí ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Ìtùnú tẹ̀ lé wọn gba inú koríko dé ojú ọ̀nà. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, bàbá na ọwọ́ sí i.

"Bá mi pe Mùlíkàt, kí o sọ fún un pé iwájú ilé ni mo ti ṣubú." Ó mi orí. "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi fúnra mi á sọ fún un."

"Ọlọ́run á wò yín sàn, Bàbá."

"Àmín."

Ọkọ̀ náà lọ. Ìtùnú ki ọwọ́ bọ àpò, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó tú gbogbo àpò. Ó padà sí ibi tí ó ti ṣubú, ó ń fi ọwọ́ tú koríko, ó ń wá a, ó ń wá a, ṣùgbọ́n koríko náà ga dé orúnkún, ó sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ti bá bàbá lọ. Òtútù ń mú un. Àkókò ìsìn ti kọjá. Ó dúró lórí òkè pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ro gbogbo irọ́ tí ó lè pa, ó rí i pé kò sí èyí tó lè gbé òun délé. Ó pe Kọ́lá.

"Mo nílò kọ́kọ́rọ́ kejì," ó ní. "Mi ò sí lọ́sibítù."

"Níbo ni kí n wá?" ni Kọ́lá wí.

Ó dé nínú léèsì funfun àti bàtà dídán. Ó páàkì sẹ́yìn ọkọ̀ Ìtùnú, níbi tí ó ti ń dúró dè é, ó bọ́ kóòtù òtútù ọrùn ara rẹ̀, ó fi wọ̀ ọ́ kí ó tó sọ ohunkóhun. Ìtùnú ròyìn bàbá Ìsẹ́yìn fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán.

"Kọ́lá, ọjọ́ Ìsinmi wọ̀nyí, mi ò…"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọsibítù pe ilé lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ṣé wàá lè wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. O ti jáde nílé nígbà yẹn, o ní ibi iṣẹ́ lò ń lọ."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Kọ́lá wo ọ̀dàn náà bí ẹni tó ń wo ilé ẹnì kan tí ó ti gbúròó rẹ̀ tipẹ́. "Mo kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin mìíràn ni. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n koríko ló máa ń wà lára ṣòkòtò rẹ. O sì máa ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, o máa ń jẹun gan-an." Ó mi èjìká. "Mi ò fẹ́ kí ìyẹn dáwọ́ dúró."

Ìgbà yẹn ni oòrùn yọ díẹ̀ láàárín ìkùukùu, Ìtùnú sì rí i pé iwájú orí ọkọ rẹ̀ ń dán. Òróró ni. Ó ti ṣàn gba ẹ̀bátí rẹ̀, ó ti sọ ọrùn léèsì náà di àwọ̀ ìyeyè.

"Ta ló da òróró sí ọ lórí?"

"Màmá Ìjọ ni. Wọ́n pè mí jáde."

"Lónìí?"

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," ni Kọ́lá wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo máa ń sọ fún wọn pé o wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kò burú, ọkọ lorí aya."

Ìtùnú wò ó. Ní gbogbo ọjọ́ tí ó ń gun òkè yìí, ó ti rò pé bí òun bá ti kúrò níbẹ̀, àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn á kàn nà sínú òfuurufú lásán ni, wọn kò ní rí ohun tí wọ́n máa gbé lé. Kò rò ó rí pé ẹnì kan ṣì dúró sí ibi tí òun ti yẹ̀.

Ó fa etí kóòtù náà dání, ó na ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu òróró náà. Kò fẹ́ kúrò. Kọ́lá ga jù ú lọ, ó sì tẹ orí ba fún un, ó di ojú, ó dúró jẹ́ẹ́.