Òdòdó Ara Ògiri

Láti Mowé títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, Títílọpẹ́ kò panu mọ́. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé ní yunifásítì, olùkọ́ wọn sì ní kí wọ́n lọ wo gbàgede àtijọ́ tí àwọn ilé Àgùdà yí ká. Ó ní bàbá òun gbọ́dọ̀ bá òun lọ, torí bíríkìlà gidi ni. Bí Sàhéèdì Ìyàndá, bàbá rẹ̀, ṣe gbọ́ orúkọ gbàgede náà ni àyà rẹ̀ já, ṣùgbọ́n kò rí àwáwí ṣe.

Àwọn ilé yẹn dùn ún wò. Àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíl padà bọ̀ ló kọ́ wọn, orí fèrèsé wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, òdòdó sìmẹ́ńtì sì wà lára ògiri. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní igun tí ara ògiri rẹ̀ pá, tí kò ní òdòdó kankan.

"Dádì, ẹ wo eléyìí. Wọ́n ní òun ló rẹwà jù nínú wọn tẹ́lẹ̀. Ta ló gé e báyìí?"

Sàhéèdì nu òógùn ojú. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó dé, tó ń gbé yàrá kan ní Ìbàfò, òun ni wọ́n pè síbẹ̀. Òdòdó kan péré ló sán. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún irú rẹ̀ ṣe, ojú sì ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Ló bá sọ fún onílé, Màmá Sàúdátù, pé gbogbo rẹ̀ ti rà, pé yóò já lu ọmọ ọlọ́mọ lórí. Màmá gbà á gbọ́. Nígbà tí òòlù ń dún gan-gan lára òdòdó wọ̀nyẹn bí ẹni lu àpáta, ó mọ̀ pé kò sí ohun tó rà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò dáwọ́ dúró.

Ìyá arúgbó kan jáde sí ẹnu ọ̀nà ilé náà. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

"Mo gbọ́ ìbéèrè rẹ, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Bàbá bàbá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Láti ọjọ́ náà àbúrò mi ò wọ ilé yìí mọ́. Ó ní mo ba ilé bàbá wa jẹ́. Kò purọ́."

Irùngbọ̀n Sàhéèdì ti funfun. Ìyá náà kò dá a mọ̀. Sàhéèdì lè kí i pé ó dàbọ̀, kó máa lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eruku.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́. Èmi ni bíríkìlà ọjọ́ náà. Kò rà. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Kò rà?"

"Kò rà, Màmá. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni."

Màmá Sàúdátù rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò bú u. Ó tú fóònù jáde nínú ìṣẹ́po ìró rẹ̀, ó fi pe àbúrò rẹ̀. "Mùsáfírù, jọ̀ọ́, má pa fóònù. Ẹnìkan fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀." Ó na fóònù sí Sàhéèdì. "Sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún mi."

Ó sọ ọ́, kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tó parí, ohùn àbúrò náà ní, "Gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi."

Omijé ń dà lójú ìyá náà bó ṣe ń sọ pé, "Ó dáa. Ó dáa, Mùsáfírù. Máa bọ̀."

Sàhéèdì ní òun yóò wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, òun yóò kọ́ ọ, òun yóò wá dá òdòdó náà padà. Ìyá náà mi orí.

"Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ilé mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju èpè lọ.

Nínú ọkọ̀, ojú fèrèsé ni Títílọpẹ́ ń wò títí wọ́n fi dé Ìbàfò. Ibẹ̀ ló ti yíjú sí i.

"Dádì, ṣé ilé yẹn nìkan ni?"

Sàhéèdì wo àwọn òrùlé tó tò lọ lẹ́bàá títì.

"Rárá," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn àwọn ilé yòókù fún un.