Spíkà Wọ Ìyamoyè

Ọkọ Zipporah gbé ọkọ̀ wọn lọ sí Lọ́kọ́ja nítorí pé bíréèkì rẹ̀ ń dún. Nígbà tó gbé e padà dé Kàbà, bíréèkì náà ṣì ń dún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ mọ́.

Ilẹ̀ mì. Àwọn adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà fò sórí ògiri. Zipporah wà níwájú ilé, ó ń ṣa iṣu tó ti jẹrà kúrò lára èyí tó ṣì dára, ó sì rò pé ìjọ kan ló ń kó ẹ̀rọ ìsọjí kọjá. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí Babátọ́pẹ́, ọkọ rẹ̀, tó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé píkọ́ọ̀pù, tó ń juwọ́ sí ará àdúgbò bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn.

"Ìyá Delight! Wá gbọ́ nǹkan!"

"Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí ẹ ti wà lójú títì."

Ó fò sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àga tó wà níbẹ̀ ti pòórá. Àpótí dúdú kan ló rọ́pò rẹ̀, spíkà méjì tó fẹ̀ bí àwo ìyán sì la ojú sílẹ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọkọ̀ níta, níbi tí wọ́n ń kó iṣu sí, àpótí méjì mìíràn wà tí wọ́n fi irin dè mọ́lẹ̀. Wọ́n ti gba ìdajì àyè.

"Ibo ni iṣu máa jókòó?" Zipporah béèrè.

"Iṣu kì í jókòó, Ìyá Delight. À ń tò ó ni."

"Ibo la máa tò ó sí?"

"Ìwọ náà! Ṣé ká máa wa ọkọ̀ kiri bí ẹni tó ń gbé òkú lọ sílé ni? Àwọn rìwáyà, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tó bá mi ṣe é ní kò sí irú ẹ̀ láti Lọ́kọ́ja títí dé Ẹ̀gbẹ̀."

"Wọn ò purọ́. Àwọn tí orí wọn pé ló pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn."

Babátọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó yìn ín.

Zipporah tún bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa iṣu rẹ̀. Kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ní ọkọ̀ náà. Ó rántí ọdún tó fi orí ru iṣu títí irun àárín orí rẹ̀ fi re. Ó rántí awakọ̀ tó já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nínú òjò ní oríta Ìyàrà torí pé ó rí ẹlẹ́rù tó tóbi jù ú lọ. Ó tú ìró rẹ̀ ó fi bo iṣu, òun fúnra rẹ̀ sì dúró pẹ̀lú tòbí lẹ́bàá títì, àwọn tó ń kọjá ń wò ó. Nítorí ọjọ́ yẹn ló ṣe ní dandan, àwọn gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tiwọn. Babátọ́pẹ́ kò mọ òjò yẹn. Àbújá ló wà nígbà náà, tó ń wá iṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ ìjọba kò sì wá a.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní láti lọ sí Ìyamoyè, lọ́dọ̀ Bàbá Gbádéyan. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ń gbé ní Kàbà ni Zipporah ń kó iṣu fún, iṣu Bàbá Gbádéyan nìkan ni alásè wọn sì ń fẹ́. Iṣu mìíràn máa ń mu omi. Tirẹ̀ máa ń gbó. Alásè náà ti sọ ọ́ lójú Zipporah pé bí iṣu náà kò bá dé lọ́sẹ̀ yẹn, Emmanuella ará Mọ́pà ni òun máa gbé iṣẹ́ náà fún. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, kò sí òmíràn tó ń jẹ́ ọjà Zipporah.

Ṣùgbọ́n Bàbá Gbádéyan ní bó ṣe ń ta iṣu tirẹ̀. Ìbátan rẹ̀ pọ̀ bí ewé. Bí ìbátan bá bá ọ lẹ́nu títa iṣu, tó sì kí ọ lédè ìlú wọn ní "okun o", kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Bí o bá jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀sán gangan tí gbogbo agbo ilé bá ti lọ sóko ni bàbá máa ń ṣí àká. Bí Zipporah bá sì dé orí òkè tó wọ ìlú, á ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ máa yọ́ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ilé. Wọn kì í tilẹ̀ kí ara wọn sókè. Wọ́n á ra, wọ́n á kó, wọ́n á lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," Zipporah wí bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ òkè náà, "ẹ má gbàgbé o."

"Ṣé ọ̀dẹ̀ ni mí? Mo mọ̀ ọ́n."

Babátọ́pẹ́ sì pa ẹ́ńjìnnì lóòótọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n orin inú spíkà kò dúró. Ìgbà yẹn ni inú rẹ̀ wá dùn débi pé ó lu sítíárì.

"Gbọ́ ọ! Ẹ́ńjìnnì kú, síbẹ̀ ohùn ò yí padà! Àwọn rìwáyà yẹn mọṣẹ́ o!" Ó sì gbé e sókè sí i, kí ó lè dá a lójú.

"Bàbá Delight! Ẹ pa á!"

"Ẹ́ńjìnnì lo ní kí n pa, mo sì ti pa á!"

Báyìí ni wọ́n ṣe yọ́ wọ Ìyamoyè, tí táyà kò dún, tí orin sì ń mi páànù orí ilé.

Àwọn tó wà lóko ìtòsí gbọ́. Wọ́n rò pé olóṣèlú ló ń pín ìrẹsì. Elizabeth, ìyàwó àbúrò Bàbá Gbádéyan, ló kọ́kọ́ dé, ọkọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Lájídé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Wọn kò bá ìrẹsì. Àká tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni wọ́n bá, àti bàbá tó di iṣu mú lọ́wọ́ méjèèjì.

Babátọ́pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dín orin náà kù, kí ó lè gbọ́ bí wọ́n á ṣe yìn ín.

"Okun o, bàbá," Lájídé wí, ojú rẹ̀ wà nínú àká.

"Okun o. Mo ń ṣa èyí tó jẹrà ni."

"Èyí tó jẹrà ló ń dán báyìí?" Elizabeth gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wò. "Ó mà ṣe o. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e sọnù sínú ìkòkò mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Zipporah, ojú náà le bí òkúta. "Ẹ̀yin ará Kàbà, kí lẹ wá ṣe níbí?"

Zipporah mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń bẹ̀ ẹ́. Bó bá ní iṣu lòun wá rà, ará ilé yóò mọ̀ pé bàbá ń tà lẹ́yìn wọn, ojú kò sì ní gbà á mọ́ láàárín wọn.

"A ò wá ra nǹkan kan, bàbá. Ọkọ mi ló ra rẹ́díò tuntun. Ó ní kò tọ́ kí etí òun nìkan máa jẹ̀gbádùn ẹ̀. Láti àárọ̀ la ti ń gbé e kiri."

"Ah-ah, Ìyá Delight," ni ọkọ rẹ̀ wí, "ṣebí iṣu la..."

Zipporah tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bàbá Delight, ẹ gbé e sókè. Ìyá yìí ò tíì gbọ́ ọ dáadáa."

Ohun tó lè dá ọkùnrin yẹn lẹ́kun ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó gbé e sókè. Elizabeth ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fi iṣu há abíyá, ó ń jó. Lájídé ń jó. Babátọ́pẹ́ dúró láàárín wọn, ó ń na ìka sí spíkà kọ̀ọ̀kan, ó ń pariwo orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ.

Bàbá Gbádéyan mú iṣu fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó ti àká, ó sì fa Zipporah sí ẹ̀yìn ògiri.

"Ọmọ mi, bí iṣu ẹni bá ta, à á fi ọwọ́ bò ó jẹ ni. Ọkọ rẹ fi ẹ̀rọ pe ayé sí tèmi."

"Ẹ dárí jì mí, bàbá. Màá wá ọkọ̀ mìíràn. Tó bá di ọ̀la..."

"Ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n mọ̀ báyìí. Ojú rẹ ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá tún rí ọ lọ́la, rẹ́díò wo lo máa ní o gbé wá?" Ó mí kanlẹ̀. "Emmanuella wà ní Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀ láti àná, ó ti ń pè mí. Àwọn wọ̀nyí á padà sóko láìpẹ́. N kò lè jẹ́ kí iṣu rà nítorí ojú àánú."

Zipporah kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé kò bú òun. Ó wọ ọkọ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè náà kọjá nígbà tí Babátọ́pẹ́ dúró lábẹ́ máńgòrò kan kí àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ lè wá fọwọ́ kan spíkà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan fi yọ, tó ń rọra bọ̀, obìnrin kan jókòó sí iwájú rẹ̀. Emmanuella ni. Ó kí wọn láti ojú fèrèsé, ó kọjá. Nígbà tó dé orí òkè, awakọ̀ rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì.

Babátọ́pẹ́ yínmú. "Ẹ wo ọkọ̀ bí agolo. Kò tilẹ̀ ní rẹ́díò. Ibo lòun ń lọ?"

"Ibi tí a ti ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lára. Ó na ọwọ́ sí rẹ́díò. "Ṣé kí n pa á ni?"

"Kí lẹ fẹ́ pa á fún?" Zipporah wí. "Ẹ gbé e sókè, ká máa lọ. Kí Bàbá Gbádéyan lè gbọ́ pé a ti ń jìnnà, kó ṣí àká fún un."

Ó sì gbé e sókè.