Igò Àdí Ojú Fèrèsé

Láti Alajue títí a fi dé ilé ìwòsàn ní Ẹdẹ, ẹnu mi ò sinmi nínú kẹ̀kẹ́. Mo ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ìyá ọkọ mi bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn.

"Màámi, ọmọ oṣù méje. Òróró páìnì gidi lẹ fi pa á láyà, láìpò ó mọ́ nǹkan kan."

Usamah ń ké lórí ẹsẹ̀ mi. Àyà rẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú. Ikọ́ tí Màámi ní àwọn fẹ́ wò ti di èémí kúkúrú-kúkúrú. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ yìí fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀rù náà sì ń mú kí inú túbọ̀ bí mi sí Màámi.

Èmi ni mo ra òróró náà. Ara igi òyìnbó kan tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ti ń fà á. Ẹ̀kán mẹ́ta ni mo máa ń kán sínú omi tí mo fi ń nu ilẹ̀, kí ilé lè máa ta sánsán. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé a kì í fi í pa ara bẹ́ẹ̀ lásán, a kì í gbé e mì, ọwọ́ ọmọdé ò sì gbọdọ̀ kàn án. Mo kà á dáadáa. Tíṣà ni mí.

"Gbogbo òróró ni àdí lójú ẹ̀yin àgbà," mo ní. "Ibà, àdí. Ikọ́, àdí. Ẹ ò tiẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ ni?"

"Ọ̀fìnkìn ti dí mi nímú láti ìjẹta, ìyàwó mi."

Nọ́ọ̀sì fi ọṣẹ àti omi fọ ọmọ náà, ó fi atẹ́gùn sí i nímú. Nígbà tó yá, èémí rẹ̀ balẹ̀, ó sùn. Nọ́ọ̀sì wá ní ká mú igò òróró náà wá. Màámi tú etí ìró wọn, wọ́n yọ ọ́.

Igò àdí ni. Àwọn fúnra wọn ló gbé e wá láti Awo, ìlú wọn, nígbà tí mo bímọ. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, igò páìnì sán lọ́wọ́ mi. Mo da èyí tó kù sínú igò yìí tó ti ṣófo, mo gbé e sójú fèrèsé, mo sì ju páálí nù.

"Ta ló da irú òróró yìí sínú igò àdí?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Èmi ni," Màámi dáhùn kí n tó lanu.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí wọn. "Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni, Ìyá? Ẹ̀yin àgbà yìí náà."

Màámi tẹrí ba. Inú bí mi sí nọ́ọ̀sì náà débi pé mo dìde dúró. Ta ló ní kó máa bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

"Ẹ yéé bú wọn," mo ní. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dà á."